Ìpékeré Èso Aláta Nílé: Ẹ̀rọ Rìbìtì Onírọ́bà àbí Àpótí Onírin?

Bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Àǹtí, dehydrator wo ni kí n rà?" (ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ èso), ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá a lóhùn: báwo ni iná ṣe ń ṣe ládùúgbò yín? Àwọn mìíràn máa ń rò pé mo fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ NEPA ni. Wọ́n ti ka iye àtẹ, wọ́n ti ka iye wáàtì, wọ́n ti wo fídíò àwọn òyìnbó tí iná kì í lọ nílé wọn. N kò ní ka ìyẹn fún yín níbí, ara páálí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Oríṣi méjèèjì ti wọ ilé ìdáná mi ní Kubwa, ní Abuja. Èyí àkọ́kọ́ rí rìbìtì, onírọ́bà ni, àtẹ márùn-ún tí à ń tò léra wọn, fáànù rẹ̀ wà lókè nínú ìdérí. Èkejì dà bí fíríìjì kékeré: irin ni gbogbo ara rẹ̀, àtẹ mẹ́wàá, ilẹ̀kùn gíláàsì, fáànù lẹ́yìn, ojú dídán tí à ń fọwọ́ tẹ̀ bíi fóònù. Ọjọ́ tí alápótí yìí dé, mo gbé rìbìtì fún àbúrò mi obìnrin ní Mararaba, mo ní kó máa fi ṣeré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ogún ìṣẹ́jú

Ìgbà máńgòrò ni, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹrù láti Benue ń já a sílẹ̀ ní Zuba bí ẹni ń da yanrìn. Mo ra kílò mẹ́fà. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi bó o, tí mo rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà dúdú, tí mo fi ata gígún àti atalẹ̀ pa á lára. Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, mo tò ó sínú àpótí náà, mo tẹ̀ ẹ́ sí 57°C, mo fún un ní wákàtí mẹ́wàá, mo ti ilẹ̀kùn, mo bá ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area.

Aago méje alẹ́ ni mo dé. Iná wà o. Gílóòbù ń tàn, fíríìjì ń kùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mi jókòó jẹ́ẹ́, àmì pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn tó jáde dà bí ti agbè ẹmu tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ ibùsùn. Máńgòrò náà ń yọ̀ bí ilá, ìfófòó wínníwínní ti yí etí rẹ̀ ká, ata tí mo fi pa á ti ṣàn bọ́ sí ìdí àpótí, ó dúró síbẹ̀ bí epo ọbẹ̀. Mo ké sí Màmá Ìbejì ní fúláàtì kejì, mo bi wọ́n bóyá iná lọ lónìí.

"Iná wo? Wọ́n kàn mú un díẹ̀ láàárọ̀ ni, kété tí ẹ jáde. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi dá a padà. Lónìí, NEPA gbìyànjú."

NEPA gbìyànjú. Ẹ̀rọ mi ni kò jí.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní kò bàjẹ́, pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn: bí iná bá lọ, á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un, bí iná bá dé, á máa dúró de ìka yín. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń yangàn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún fi í dán ọ̀pẹ̀yìnbó wò lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú àdúrà. Ẹ̀ẹ̀kan gbà, ẹ̀ẹ̀kan kò gbà.

Ẹ̀rọ rìbìtì tèmi kò ní ojú dídán. Bọ́tìnì kan tí à ń yí fún ooru, òmíràn tí à ń tẹ̀ láti tan án, ó parí. Níbi tí ẹ bá yí i sí, ibẹ̀ ló wà, iná ìbáà lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí iná bá ti dé, fáànù á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bọ́tìnì tí à ń yí kò ní ọpọlọ tó lè fi gbàgbé nǹkan.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ yòówù, ẹ ní kí wọ́n ti wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ooru àti wákàtí tí ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì náà lára ògiri. Ẹ bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ béèrè àlàáfíà ilé. Ẹ tan án padà. Bí fáànù kò bá dá bẹ̀rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Àwọn alápótí kan wà tó ń rántí, àwọn kan náà wà tó jẹ́ bọ́tìnì yíyí ni wọ́n ní. Ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lójú páálí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí aago rẹ̀ jẹ́ ti sípíríǹgì, tí à ń yí tó sì ń ró kẹ́kẹ́kẹ́. Iná ló lè lọ, aago yẹn kì í dúró. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ló ti jẹ nínú iṣẹ́ yín, á sì pa ara rẹ̀ nígbà tí èso ṣì tutù. Tèmi kò ní aago rárá. Fóònù mi ni aago rẹ̀.

Owó iná àti ohun tó lè gbé e

Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A (àwọn tí wọ́n ní iná wọn á máa tó ogún wákàtí lójúmọ́) sí ₦225 fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024 (wọ́n ti dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà), mo jókòó ṣírò. Wáàtì 800 ni alápótí. Bó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún fún wákàtí mẹ́wàá, yúnìtì 8 nìyẹn, ₦1,800. Wáàtì 250 ni rìbìtì. Wákàtí méjìlá rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 3, ₦675. Lóòótọ́, bí ẹ̀rọ bá ti gbóná tó, ooru rẹ̀ máa ń sinmi díẹ̀, nítorí náà iye yìí lè dín. Lóòótọ́ náà, èso tí alápótí ń gbà ju ìlọ́po méjì ti rìbìtì lọ, bí ẹ bá sì pín in sórí kílò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni ti ọjọ́ tí iná kò bá sí rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" á gbé wáàtì 250, á tún gbé gílóòbù àti fáànù yàrá mọ́ ọn. Ẹ gbé wáàtì 800 lé e lórí, á ké, á sì kú. Ti inverter náà nìyí: bátìrì 12V ti 200Ah, tí ó jẹ́ olómi, kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ tètè pa á. Ìdajì yẹn á gbé rìbìtì fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Alápótí á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí kan àti díẹ̀.

Ata àti fáànù

Ata lílọ̀ fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ro tiwa mọ́ ọn. Ní alápótí, afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn wá, ó ń gba orí àtẹ kọjá sí iwájú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ́n ata sórí èso lásán láìfi nǹkan pò ó, gbogbo ilé ń sín bí ẹni tí wọ́n fín aáṣà sí nímú. Àwọn rìbìtì kan burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn tí fáànù wọn wà nísàlẹ̀: omi ọ̀pẹ̀yìnbó àti oyin á máa kán tó, tó, tó sórí irin gbígbóná, á jó, òórùn ṣúgà jíjó á sì gba gbogbo àtẹ. Bí ẹ bá máa ra rìbìtì, èyí tí fáànù rẹ̀ wà lókè ni kí ẹ wá.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fi ṣíbí oyin kan àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ po ata gígún, atalẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti apá Kafanchan ní Kaduna, àti kànáfùrù díẹ̀ bíńtín. Mo ń fi pa èso lára, n ó jẹ́ kó ro dáadáa kí n tó tò ó. Á gbẹ mọ́ ọn lára, kò ní fò. Èèrù lílọ̀ bá ọ̀pẹ̀yìnbó mu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Yájì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún sùyà: kúlíkúlí wà nínú rẹ̀, òróró ẹ̀pà á sì máa rùn bó bá pẹ́ nínú ìgò, ká má tíì sọ ti àwọn tí ẹ̀pà kì í bá lára mu.

Ẹ má retí kí máńgòrò máa ké lẹ́nu bí ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Nínú ẹ̀rọ méjèèjì, kò sí èyí tó lè ṣe é. Ńṣe ni á máa fà bí awọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbẹ́pẹ. Èyí tó ń ké ni ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ bá rẹ́ ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta. Ẹ sì jẹ́ kó tutù kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Nígbà tó bá ṣì gbóná, á rọ̀ lọ́wọ́, ẹ ó rò pé kò tíì gbẹ, ẹ ó sì dá a padà títí tí á fi korò.

Ìyókù, ní ṣókí

Pípààrọ̀ àtẹ: rìbìtì ń fẹ́ kí ẹ máa gbé ti òkè sí ìsàlẹ̀ ní wákàtí méjì-méjì. Alápótí kò yọ yín lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún un.

Fífọ̀: àtẹ irin ń mọ́ kíákíá. Ti rọ́bà, oyin máa ń há sí i lójú ihò. Ẹ rì í sínú omi gbígbóná kí ẹ lọ gbọ́ ìròyìn.

Ooru: ẹ má ra rìbìtì tó jẹ́ tàn-án-pa-á lásán. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn èso á le, omi á há sínú, ẹ ó kó o sínú ìgò pẹ̀lú ayọ̀, á sì bu.

Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n yín gbé wá láti Amẹ́ríkà: ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí 120V ló wà níbẹ̀, iná tiwa á jó o lọ́jọ́ kan náà, àfi bí ẹ bá ní tíráńsífọ́mà.

Oòrùn ńkọ́? Ní Kano àti Kaduna, wọ́n ń sá tòmátì àti ilá sórí ẹní, àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sá èlùbọ́. Ṣùgbọ́n iṣu kò ní ṣúgà tó ń pe oyin àti eṣinṣin. Nígbà ọyẹ́ ní Abuja, afẹ́fẹ́ gbẹ dáadáa lóòótọ́, eruku rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn èso náà. Òfúùnù gáàsì mi ńkọ́? Kò lè lọ sílẹ̀ tó, ńṣe ló ń sè é.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ kó èso náà sínú ìgò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ má kún un dẹ́nu, kí ẹ máa mì ín lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí omi lára ìgò, ó di dandan kó padà sórí àtẹ. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, tí òjò ń rọ̀, ẹ má ṣí ìgò sílẹ̀ kí ẹ lọ dáhùn fóònù. Á ti rọ̀ kí ẹ tó dé.

Ta ni kó ra èwo?

Alápótí dára fún ẹni tó fẹ́ máa tà, tó ń ṣe kílò mẹ́rin, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, tó wà nílé lójúmọ́, tí iná rẹ̀ kì í lọ tàbí tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní Maitama. Bó bá jẹ́ ọ̀rá olórúkọ lẹ fẹ́ fi tà á, NAFDAC ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó rẹwà, ó yára, kò fi bẹ́ẹ̀ da òórùn èso kan pọ̀ mọ́ ti èkejì, n kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa.

Rìbìtì onífáànù òkè, tó ní bọ́tìnì ooru, dára fún ẹni tó ń jáde láàárọ̀ tó ń wọlé lálẹ́, tó ń ṣe fún ọmọ àti àlejò, tó sì ń gbé níbi tí iná ti ń wá bó ṣe wù ú. Ẹ kà iye irú wa tó wà ní Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Karu, kí ẹ fúnra yín mọ ibi tí ẹ wà.

Èmi ta alápótí. Mo sọ àbùkù rẹ̀ fún ẹni tó rà á, ó ní sólà ló wà nílé òun, kò jọ òun lójú. Lẹ́yìn náà ni mo gba Mararaba lọ, mo bẹ àbúrò mi kó dá rìbìtì mi padà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ìgò ọ̀pẹ̀yìnbó elérùú kan ni òun ń fẹ́ ní oṣooṣù. Ti oṣù yìí wà lórí kọ́ńtà níbẹ̀ yẹn, ó ń retí ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà Mararaba.