Géèmù ìtàn ìfẹ́ fún àgbàlagbà: ṣé èyí tí ẹ̀yin máa pinnu, àbí èyí tí òǹkọ̀wé ti pinnu sílẹ̀?

Visual novel ni wọ́n ń pe irú géèmù yìí, ìtàn tí ẹ ó máa kà lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwòrán, n ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tí àwọn tó fẹ́ rà á máa ń bi mí ni pé èwo ló sàn nínú méjèèjì: èyí tó ń dúró ní gbogbo ìkòríta kó tó bi yín pé "kí lẹ fẹ́ ṣe?", àbí èyí tí òǹkọ̀wé ti mọ ibi tí òun ń gbé yín lọ? Mo ti náwó sórí méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú méjì tí mo lè dárúkọ, ká tó dé orí ẹ̀kẹta tó jẹ owó mi.

Dream Daddy jáde lọ́dún 2017. Bàbá kan tó ń dá tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀, Amanda, lẹ máa jẹ́. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Maple Bay ni, bàbá méje sì wà ládùúgbò tí ẹ lè bá jáde. Ẹ ó yan ojú àti aṣọ yín, ẹ ó yan ẹni tó wù yín, géèmù á sì máa gbé máàkì fún yín lórí bí ẹ ṣe sọ̀rọ̀ sí. Ó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an. Ṣùgbọ́n Joseph wà níbẹ̀, òjíṣẹ́ ìjọ tó níyàwó nílé. Ẹ dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ gba máàkì tó ga jù, ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ náà ni yóò padà sí. Àwọn kan bínú sí i. Ní tèmi, ibẹ̀ ni géèmù náà ti dùn jù, torí ibẹ̀ nìkan ni òǹkọ̀wé ti di ọwọ́ wa mú.

VA-11 HALL-A ti ọdún 2016 gba ọ̀nà míì. Sukeban Games ló ṣe é, ní Venezuela. Jill, obìnrin ẹni ọdún 27 tó ń po ọtí nílé ọtí kan, lẹ máa jẹ́, géèmù ò sì ní bi yín rárá pé kí ni kí Jill sọ. Ọtí nìkan lẹ lè pò. Ẹ lè fún oníbàárà ní ohun tó béèrè, ẹ lè fún un ní òmíràn, ẹ lè fi Karmotrine, èròjà tó ń mú kéèyàn yó nínú ọtí ibẹ̀, kún un kí ẹnu rẹ̀ lè tú. Ọ̀rọ̀ á yí padà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jill pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, òǹkọ̀wé ti kọ ọ́ tán. Ẹ ò lè bá a tún un ṣe, ẹ ó kàn jókòó tì í ni.

Ẹ̀kẹta wàyí. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Géèmù àwọn tó ti lé lọ́dún 18 ni, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, orí kọ̀ọ̀kan ló ń gbé jáde, oṣooṣù la sì ń san dọ́là fún un. Ìpolówó rẹ̀ ni pé gbogbo ìpinnu ló ní àyọrísí. Lórí kejì, obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ẹranko ní kí n wá jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ òun. Mo ní "kì í ṣe lálẹ́ òní", torí mo rò pé ọmọlúàbí kì í kánjú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, géèmù ò sọ nǹkan kan. Lórí kẹfà, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, òun àti ẹlòmíì ni mo rí. Gbólóhùn kan yẹn ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Mo ní kí n padà sẹ́yìn. Ren'Py, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe visual novel, ni wọ́n fi ṣe é, tẹ́ ẹ bá sì yí máòsì, ọ̀rọ̀ á padà sẹ́yìn, àmọ́ kì í padà dé oṣù mẹ́jọ. Àwọn ibi tí mo ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́ ò ṣí mọ́ nínú ẹ̀dà tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ látòkè, pẹ̀lú dátà tí mo tún rà. Ìwé tó ń tọ́ni sí ìdáhùn tó tọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń san ìlọ́po méjì ló wà fún. Mo san án. Lórí keje, àwọn tó ń sanwó dìbò pé kí dókítà padà wá, ó sì padà wá bá gbogbo wa, àtẹni tó bá a jẹun àtẹni tó kọ̀. Kí ni mo wá tún un ṣe fún? Mo kọ̀wé béèrè owó mi, wọn ò dá mi lóhùn.

Mi ò rò pé olè ni ẹni náà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá yà sí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó yà á láwòrán. Tí ẹ̀ka bá ti pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, á máa ti ilẹ̀kùn láìsọ fún yín, tàbí kó dárí gbogbo ọ̀nà padà sójú kan. Steam, ilé ìtajà géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ń dá owó padà tí ẹ ò bá tíì kọjá ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹ rà á, tí ẹ ò sì tíì lò ju wákàtí méjì nínú rẹ̀. Wákàtí méjì! Ilẹ̀kùn tèmi ti tì fún oṣù mẹ́jọ kí n tó mọ̀.

Àwọn tó kù ò gba àlàyé. Orin: VA-11 HALL-A, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ̀rín: Dream Daddy. Ìhòòhò: ẹ wá a lọ síbòmíì, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín, torí ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn tó ń gba owó lórí káàdì fúngun mọ́ àwọn ilé ìtajà, Steam yọ àwọn géèmù àgbàlagbà kan kúrò, itch.io, ilé ìtajà géèmù míì, sì fi irú wọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pamọ́ kúrò nínú ohun tí a lè wá rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ràn kó máa gbìyànjú èyí wò, ìyẹn wò, tó sì ní àkókò àti dátà, kó ra èyí tó ń bi í léèrè. Kó ṣáà rí i dájú pé wọ́n ti kọ ọ́ tán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko mi bá ká lára, ó ti mọ èyí tó máa rà. Jill ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo po ọtí tí oníbàárà kan ò béèrè fún un, ó mu ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí n kò gbọ́ nígbà àkọ́kọ́.