Iyọ̀ Àtúnṣe Omi fún Bíà Pípọn Nílé: Ohun Tí Mo Rí ní Ìkòròdú

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí mo ti ń lo iyọ̀ tí àwọn tó ń ta èlò ìpọntí máa ń tà fún àtúnṣe omi: gypsum (ìyẹn calcium sulfate) nínú ọ̀rá kan, calcium chloride nínú èkejì, àti ìwé ìlànà pélébé kan. Ìgbógbo ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, omi bọ́hòlù ni a sì ń lò.

Ìwé ìlànà náà kò sọ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ irú omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìnà. Omi wa máa ń mọ́ gaara bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á, ṣùgbọ́n bí ó bá sùn sínú abọ́ di àárọ̀, ẹrẹ̀ pupa bí irin tó dógùn-ún yóò ti jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó lè yọ irin kúrò nínú iyọ̀ méjèèjì. Mo fi omi náà pọntí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi tọ́ ọ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìṣó lẹ sè mọ́ ọn ni?" Láti ìgbà náà, omi tí ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ládùúgbò fi ẹ̀rọ reverse osmosis sẹ́ ni mò ń rà, nítorí pé ohun tó máa ń ṣẹ́ kù nínú irú omi bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, mo sì lè ṣírò ohun tí mo bá fi kún un.

Inú omi yìí ni iyọ̀ náà ti wá ṣiṣẹ́. Gíráàmù 4 gypsum àti gíráàmù 2 calcium chloride ni mò ń dà sínú lítà 20, èyí tó já sí nǹkan bíi mílígíráàmù 74 calcium, 112 sulfate àti 48 chloride nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Calcium ń bá wa fa pH (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni kíkan ṣe pọ̀ sí) bálì tí a rẹ sínú omi gbígbóná wálẹ̀ sí àárín 5.2 àti 5.6, níbi tí sítáàṣì ti ń di ṣúgà dáadáa. Sulfate ń jẹ́ kí ìkorò hops (òdòdó tí a fi ń mú bíà korò) mú lẹ́nu, chloride sì ń jẹ́ kí bíà kún ẹnu. Omi tó kún fún gypsum ló mú kí bíà kíkorò ìlú Burton lókìkí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tèmi náà sì ti ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rá calcium chloride ló bí mi nínú. Iyọ̀ yìí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ etí ọ̀sà wa kì í sì í gbẹ. Mo ṣí i ní alẹ́ Sátidé kan, mo fi rọ́bà so ẹnu rẹ̀ pinpin. Nígbà tí Sátidé kejì fi máa pé, ó ti di ìṣù, omi sì ń kán láti igun rẹ̀ sórí pẹpẹ. Bí mo bá wọn gíráàmù 2 nínú ìyẹn, mélòó ni iyọ̀, mélòó ni omi? Gypsum ní tirẹ̀ ṣì gbẹ furúfurú títí di òní.

Ṣíbí tíì ni ìwé náà ní kí a fi wọ̀n wọ́n. Mo bu ṣíbí gypsum kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń gbé e lé òṣùwọ̀n, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí. Mo ṣì ń ra gypsum lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tó ń tà á nínú ike olómorí líle ni mo ti ń ra calcium chloride.