Ẹnjiníà Ìjìgbò tó kọ́kọ́ fi etí gbọ́ wúfà mi kó tó tú u

Télọ̀ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo fi wo ẹnjiníà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ní ti iná mànàmáná, ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀ kò ju kí n tàn án, kí n sì pa á lọ.

Home theatre tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti olówó. Irú èyí tí wúfà rẹ̀, ìyẹn àpótí sípíkà ńlá rẹ̀, tóbi tó páálí bíà kan ni, tí sípíkà kéékèèké márùn-ún tẹ̀ lé e. Inú wúfà yẹn ni gbogbo ẹ́ńjìnnì wà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn sípíkà yòókù ti ń gba ohùn. Ọdún 2021 ni mo rà á, kò sì dà mí láàmú rí títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, tí àìsàn méjì wọ̀ ọ́ lára lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mo máa yí fólúùmù dé 50 nínú 60, síbẹ̀ ẹni tó jókòó lórí àga kò ní gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ àfi bó bá ń wo ẹnu rẹ̀. Èkejì, wúfà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kùùùùn, bí oyin tó há sínú agbè. Fíìmù ń lọ, ó ń kùn. A dá fíìmù dúró, ó ń kùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí à ń gbàdúrà, tí a gbàgbé láti pa á, ìyàwó mi ní ta ló ń bá wa ṣe àmín nínú kọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó, nítòsí wa níbí ló wà, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ki plọ́ọ̀gì bọ ògiri, ó gbọ́ kùùùn yẹn fún ìwọ̀n ìgbà tí mo lè fi ki owú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó ní, "IC ti jó." Ó ní owó rẹ̀ jẹ́ ₦28,000. Mo bi í pé èwo nínú àwọn IC, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké orí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ, nítorí kò tíì tú nǹkan kan. Ó ní, "Bàbá, kò lè yé yín." Nínú iṣẹ́ tiwa, bí télọ̀ bá ti ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé ọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀ kò lè yé e, aṣọ náà ti bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo gbé wúfà mi, mo ní ó dàbọ̀.

Tíṣà kan tí mo máa ń rán búbá àti ṣòkòtò fún ló júwe ẹnjiníà kan ní Adó-Èkìtì fún mi. Mo gbé wúfà sínú bùútù takisí, mo fi ìró ògbólógbòó wé e, a gba Àjílósùn wọ ìgboro, mo sọ̀ ní Ìjìgbò. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní bọ́ọ̀dù. Àwọn sípíkà tó ti ya lẹ́nu tí wọ́n tò síta ni bọ́ọ̀dù rẹ̀, àti òkìtì rimóòtù nínú agbọ̀n kan bí ẹja gbígbẹ lọ́jà. Ọkùnrin tó ni ín kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní àpótí jókòó. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tó jẹ́ kí n máa kọ èyí: kò mú tọnàfísì. Ìbéèrè ló ń bi mí.

Kí ni ẹ fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n? Bí ẹ bá pa dẹkódà, ṣé ó ṣì ń kùn? Ṣé inú kọ̀rọ̀ lẹ gbé e sí? Bí ẹ bá fi fúláàṣì kọrin nínú ẹ̀, ṣé ohùn rẹ̀ ṣì kéré? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mi ò lè dáhùn, torí mi ò fi fúláàṣì sí i rí láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ó yọ fúláàṣì tirẹ̀ jáde, ó fi í sínú wúfà, ó yí fólúùmù dé 25. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn tó jáde mú kí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì yíjú wò wá.

Ó ní, "Bàbá, àìsàn méjì ni, ẹ má kó wọn pọ̀. Ohùn tó kéré yẹn kò sí nínú wúfà, ilé yín ló wà. Kíkùn yìí ló wà níbí."

Bí ó ṣe mọ̀ pé kíkùn náà wà nínú wúfà, ojú mi ló ṣe é. Ó yọ gbogbo wáyà tó ń gbé ohùn wọlé, kò ku ẹyọ kan. Ó yí fólúùmù sí òdo. Kùùùùn. Ó yí i sókè dé 40, kíkùn yẹn kò fi ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kan pọ̀ sí i. Ó ní tó bá jẹ́ pé ìta ló ti ń wọlé ni, bí a ṣe yọ wáyà ló yẹ kó dákẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ó ti wọlé kí ohùn tó dé ibi fólúùmù, ó yẹ kó máa ga bí fólúùmù ṣe ń ga. Èyí tí kò gbọ́ ti wáyà, tí kò gbọ́ ti fólúùmù, ibi tí iná ti ń wọlé ni kí a lọ wò. Mo jókòó síbẹ̀, mo ní hẹ́ẹ̀n. Ẹni tó ń wọn aṣọ kó tó gé e rèé.

Ìgbà yẹn ló wá tú u. Kapásítọ̀ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ transformer, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, bí ìbejì. Wọ́n kọ 4700µF, ìwọ̀n iná tí wọ́n lè gbà mọ́ra, àti 35V, ìwọ̀n volt tí wọ́n lè fara dà, sí wọn lára. Ó yẹ kí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Tiwọn ti wú sókè bí àkàrà tó gbọ́ epo, ọ̀kan sì ti ń tu omi pupa kan sí bọ́ọ̀dù. Kó tó fọwọ́ kàn wọ́n, ó fi gílóòbù kan tó ní wáyà méjì kàn wọ́n lẹ́sẹ̀, gílóòbù náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó ní wọ́n ṣì lè di iná mọ́ra lẹ́yìn tí èèyàn ti yọ plọ́ọ̀gì, kí n má ṣe dán an wò nílé.

Mo ní kó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó ní iná tó ń wá sílé wa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń yí i kó lè máa lọ sí apá kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń wá ní ìgbì ìgbì, ìgbì 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Kapásítọ̀ ló dà bíi dúróọ̀mù omi tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú pọ̀ọ̀, tó ń dá dúró, tó tún ń tú: bí dúróọ̀mù bá kún, ẹni tó ń bu omi níbẹ̀ kò ní mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣe ségesège. Ooru transformer ti gbẹ dúróọ̀mù tèmi, ni ìgbì iná bá ń gba inú sípíkà jáde. Kùùùn tí à ń gbọ́ nìyẹn. Mo bi í pé IC ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní IC ò ṣe nǹkan kan.

Ó fi 4700µF kan náà pààrọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti 50V. Mo ní ṣé kò pọ̀ jù? Ó ní volt tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ kò burú, èyí tó bá kéré sí i ni ewu. Ó yé mi kíákíá: bí mo ṣe máa ń fi àyè sílẹ̀ sínú ẹ̀gbẹ́ aṣọ ni, nítorí ìyàwó ilé kì í rù nígbà gbogbo.

Nígbà tó ń dà á dé, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ọwọ́ bọ ihò tí wúfà fi ń mí. Ó mú ìdérí bíróò méjì jáde, àti ọmọlangidi kékeré kan tí ọmọ-ọmọ mi fi sunkún ní ọdún tó kọjá, àti òkú aáyán tí mi ò lè kà. Ìtìjú bá mi díẹ̀.

Apá kejì, èyí tó wà nílé, ó kọ ọ́ fún mi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi ṣe é. Ihò earphone tẹlifíṣọ̀n ni mo ti fa wáyà wá sí AUX, ihò tí ohùn ń gbà wọ wúfà. Ẹnjiníà ní tẹlifíṣọ̀n mìíràn máa ń ní fólúùmù ọ̀tọ̀ fún ihò yẹn, kí á wọ inú sound settings lọ wò ó. A wọ ibẹ̀, a bá a lórí 20 nínú 100. Ta ló gbé e síbẹ̀? Gbogbo ilé ní àwọn kọ́. Dẹkódà pàápàá, ìdajì ni fólúùmù tiẹ̀ wà. Nítorí náà ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ wúfà kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ, èmi wá ń fi fólúùmù wúfà pariwo mọ́ ọn. Bí wúyẹ́wúyẹ́ náà ṣe ń ga ni gbogbo ariwo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ga. A gbé dẹkódà sókè tán, a gbé ti earphone dé 90, a wá fa ti wúfà wálẹ̀. Ní báyìí, 20 ni mo fi ń wo fíìmù, bó bá dé 30 ìyàwó mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí.

Ó ku sípíkà àárín tí kì í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré ti máa jáde. Mo pe ẹnjiníà lórí fóònù. Ó ní kí n wo rimóòtù bóyá orí 5.1, ìyẹn ètò fún sípíkà márùn-ún àti wúfà kan, ló wà. Orí rẹ̀ ló wà lóòótọ́. Ó ní lórí ìyẹn, wúfà ń retí wáyà tó ju méjì lọ, kò sì sí ẹni tó fún sípíkà àárín ní tirẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn bàbá kan nínú fíìmù já lu yàrá pé "Ta ni ìyẹn?" Mo fò.

Kíkùn díẹ̀ tún wà, ìyẹn kò tó nǹkan, kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí n yí wáyà dish kúrò lẹ́yìn dẹkódà. Mo yí i, ó dákẹ́. Ó ní ọ̀nà méjì ni earth, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ń gbà wọlé, wọ́n wá ń bá ara wọn jà. Kí n ki tẹlifíṣọ̀n, dẹkódà àti wúfà sí orí extension kan ṣoṣo, dípò kí wúfà máa gba iná ní ògiri òdìkejì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo dá wáyà dish padà, ó lọ. Àfi kí ẹ gbé etí lé e kí ẹ tó gbọ́. Ó kìlọ̀ fún mi gidigidi pé bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n gé ẹsẹ̀ earth kúrò lára plọ́ọ̀gì kí ó lè dákẹ́, kí n má gbà, ẹsẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí iná gbé èèyàn. Mo tún fa wúfà kúrò nínú kọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n apá kan, ariwo gìrì-gìrì tí lúfà fèrèsé máa ń pa bá baàsì, ohùn ìsàlẹ̀ tó ń dún gbìì, sì dópin. Àṣé ariwo lúfà wà lára ohun tí mo ń torí ẹ̀ bú wúfà.

Ní ti iná tó máa ń lọ sílẹ̀ lálẹ́, tí mítà ẹnjiníà ní ó lè wálẹ̀ sí volt 160, ó ní òun ò ní ọwọ́ nínú ìyẹn, kí n ra stabilizer. Mi ò tíì rà á.

Owó? Kapásítọ̀ méjèèjì ₦1,500, iṣẹ́ ọwọ́ ₦6,000. Kò gba kọ́bọ̀ lórí gbogbo ìpè tí mo pè é lẹ́yìn ìyẹn, mo sì pè é dáadáa.

Mi ò ní torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ kí n pa ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n wá gbé e lọ́jọ́ kejì. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ. Ọjọ́ kìíní, kò sí kapásítọ̀. Ọjọ́ kejì, kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èmi télọ̀ kan ò lẹ́nu láti bínú nípa "ẹ wá lọ́la", àwọn tó ń ka èyí ní Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni mo ń san. Kì í kọ rìsíìtì fún èèyàn pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń ná owó ilé iṣẹ́ kó gbé ìwé tirẹ̀ dání. Ṣọ́ọ̀bù náà sì há. Bí ẹ bá bá ẹni méjì níbẹ̀, ìta lẹ ti máa dúró.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, bí tẹlifíṣọ̀n mi bá ṣàìsàn lọ́la, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mò ń gbé e lọ. Àfi pé màá ka nọ́ọ̀tì kí n tó kúrò níbẹ̀. Mẹ́jọ ló tú lẹ́yìn wúfà, méje ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dá padà. Bí baàsì bá ti wọlé, ihò kẹjọ yẹn á máa fẹ́ atẹ́gùn fìì, fìì, fìì. Mo ti yí owú aláwọ̀ dúdú mọ́ra, mo fi dí i títí màá fi tún dé Ìjìgbò.