Yíyá Ọkọ̀ RV ní Whitehorse láti Wo Ẹranko Igbó ní Òpópónà Alaska

Ní oṣù Kẹfà ni èmi àti ìdílé mi yá ọkọ̀ RV, ìyẹn ọkọ̀ tí ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ní Whitehorse, olú-ìlú ẹkùn Yukon ní àríwá Kánádà. A gba Òpópónà Alaska lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, a kọjá Teslin àti Watson Lake, a wọ ìpínlẹ̀ British Columbia, a sì dé Adágún Muncho kí a tó ṣẹ́rí padà. Ẹranko la torí rẹ̀ lọ. Ìdájọ́ mi ni pé ìrìn àjò náà tó owó tí a ná sí i, pàápàá fún ẹni tó bá ní sùúrù láti jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tó yá wa lọ́kọ̀ ṣe kò tó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, ó sì yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ kó tó fọwọ́ síwèé.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dára. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24, ibùsùn kan wà lókè orí awakọ̀, òmíràn wà lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì gbé wa gun òkè láìmí hẹlẹ. Ìjókòó iwájú ga débi pé a ń rí òdìkejì igbó kékeré tó wà lẹ́bàá títì, èyí tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè rí. Àǹfààní tó ga jù lọ lójú tèmi ni pé ilé ẹni kò jìnnà sí ẹni níbikíbi tí ilẹ̀ bá ṣú sí. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹranko máa ń jáde jẹun, àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹni tó dé sí òtẹ́ẹ̀lì máa ń sáré wá oúnjẹ kiri, tàbí kó ṣì wà lórí ibùsùn. Àwa a páàkì síbi tí wọ́n fàyè gbà, a ó gbé omi tíì kaná, a ó sì jókòó ti fèrèsé. Nǹkan bíi wákàtí 19 ni oòrùn fi máa ń wà lójú ọ̀run ní Whitehorse nínú oṣù yẹn, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ gùn gan-an. Kí àwọn òbí rí i dájú pé aṣọ fèrèsé ọkọ̀ nípọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ kò ní sùn.

Ohun tó bà wá nínú jẹ́ ni ọwọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi mú wa nígbà tí a lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ìkánjú ni wọ́n fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ẹni tó sì yẹ kó kọ́ wa bí a ṣe ń tú táńkì omi ẹ̀gbin kàn nawọ́ sí páìpù ni. Fíríìjì tí wọ́n ní yóò máa fi gáàsì ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná kò tutù rárá, ẹran tí a rà sì ti ń rùn kí a tó dé Watson Lake. Nígbà tí a pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kí a lọ ra omi dídì. Ìwé àdéhùn wọn tún le: iye kìlómítà díẹ̀ ló wà nínú owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé wa, èyíkéyìí tó bá lé lórí rẹ̀ ni a ó sanwó fún lọ́tọ̀. Ẹ rántí pé láti Whitehorse dé Watson Lake nìkan ju 400 kìlómítà lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì sán gíláàsì iwájú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó là á yé wa pé ìbánigbófò tí a san kò kan gíláàsì. Ìbéèrè yìí gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ní ti títì, ọ̀dà ti wà lórí rẹ̀ báyìí, àmọ́ yìnyín abẹ́ ilẹ̀ tó ń yọ́ tó sì tún ń dì máa ń gbé ojú ọ̀nà sókè sódò, kò sì sí bí a ṣe lè sáré. Ó ní ìtàn kan tí mo fẹ́ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀. Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ní 1941 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà la ọ̀nà yìí, láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá ọdún 1942. Àwọn tó lé ní 3,000 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní àkókò tí wọ́n ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ẹgbẹ́ 93rd, tí àwọn ológun inú rẹ̀ jẹ́ dúdú, ló la apá tó wà nítòsí Teslin. Inú mi dùn pé mo fẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀.

Láti Watson Lake lọ sí odò Liard ni ojú ẹni ti gbọ́dọ̀ là dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹfọ̀n igbó ti Kánádà, tí wọ́n ń pè ní wood bison, ń jẹ̀ lẹ́bàá títì. Kò sí ẹranko orí ilẹ̀ tó tóbi tó wọn ní gbogbo Amẹ́ríkà ti Àríwá. Akọ wọn lè wúwo ju 900 kìlógíráàmù lọ. A bá agbo kan pàdé, wọ́n tú ká sórí koríko, àwọn kan sì dùbúlẹ̀ nínú iyanrìn. A pa ẹ́ńjìnnì, a sọ fèrèsé kalẹ̀ díẹ̀. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà koríko já. Irun òtútù ń bọ́ lára àwọn àgbà wọn, ó ń fì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ léjìká wọn bí àkísà, àwọn ọmọ wọn sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń sá tẹ̀lé ìyá wọn. Akọ kan yí nínú eruku títí a kò fi rí orí rẹ̀ mọ́, ó dìde, ó gbọn ara, ó sì gba iwájú ọkọ̀ wa kọjá láìbojú wò wá. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò ṣeé fowó rà. Ẹ má ṣe fun fèrè mọ́ wọn. Ẹ má sì wakọ̀ lóru níbẹ̀, nítorí àwọ̀ wọn dúdú, wọ́n sì máa ń dúró sáàárín títì.

Ní Adágún Muncho, tí omi rẹ̀ jọ àwọ̀ ewé, àwọn àgùntàn òkè tí wọ́n ń pè ní Stone ni a rí. Àríwá British Columbia àti gúúsù Yukon nìkan ni irú wọn wà láyé. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ló ń fà wọ́n wá sẹ́bàá títì, wọ́n á máa fi ahọ́n lá erùpẹ̀ àti òkúta lójú àwọn èrò ọkọ̀. Béárì dúdú pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ní ìdí: bí wọ́n bá ti jí lójú oorun ìgbà òtútù, koríko tútù àti ewéko olódòdó yẹ́lò tó ń hù níbi tí wọ́n ti ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń jẹ. Moose, ìyẹn ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, la kò rí tó bí a ṣe fẹ́. Ẹyọ kan péré la rí, ó wọ inú àbàtà dé àyà. Àjọ Parks Canada, tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko igbó ìjọba Kánádà, ní kí èèyàn jìnnà tó 100 mítà sí béárì àti ìkookò, kí ó sì jìnnà tó 30 mítà sí moose àti àgùntàn òkè. Ó dùn mí pé mo rí àwọn tó sọ̀kalẹ̀ lọ ya fọ́tò nítòsí béárì tòun tọmọ lọ́wọ́.

Ibùdó tó wà ní ìsun omi gbígbóná Liard ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ibi tí a sùn. Wọ́n fi wáyà iná mànàmáná yí ibùdó náà ká nígbà tí béárì ń rìn, àpótí ìdọ̀tí rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí béárì kò lè ṣí. Orí pákó ni a ń gbà kọjá àbàtà dé ibi omi, ooru omi náà sì wà láàárín ìwọ̀n 42 sí 52 lórí Celsius, nítorí náà kí àwọn ọmọdé má ṣe súnmọ́ ibi tí omi ti ń ru jáde. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí iná láti so mọ́ ọkọ̀, wákàtí tí wọ́n gbà kí a tan jẹnẹrétọ̀ sì níwọ̀n, èyí tí mo fara mọ́, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ ló ń lé ẹranko sá jù.

Nínú máàkì 10, n ó fún ọ̀nà àti ẹranko ní 9, n ó fún ibùdó Liard ní 9, n ó sì fún ilé-iṣẹ́ tó yá wa lọ́kọ̀ ní 4. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ yá ọkọ̀ tó kéré jù lọ tí yóò gba ìdílé yín, ẹ tan fíríìjì rẹ̀ wò pẹ̀lú gáàsì kí ẹ tó kúrò lọ́gbà wọn, kí ẹ sì gba àyè sílẹ̀ ní Liard ṣáájú, nítorí ó máa ń tètè kún.