Tábìlì tí wọ́n fi fọ́nrán ọrọ́ ṣe: àgbéyẹ̀wò aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú

Etí tábìlì mi wú. Ó wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú tíì, òkè rẹ̀ sì ṣí kúrò lára ìsàlẹ̀ débi pé mo lè ki èékánná bọ àárín rẹ̀. Tábìlì tí mo fi owó gidi rà ni o, tí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó rẹ̀ gàdàgbà pé “kò bẹ̀rù omi”. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kó fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe. Orí tábìlì la ti ń fi fóòmù tẹ abẹ́là sára aṣọ, omi kì í sì í jìnnà síbẹ̀. Pílíwúùdù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ti jẹrà. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan lápá Ọbáńtokò ń fi fọ́nrán ọrọ́ ṣe bọ́ọ̀dù, inú mi dùn gan-an. Ọrọ́ pẹlẹbẹ ẹlẹ́gùn-ún yẹn ni mò ń sọ, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kátọ́ọ̀sì, tí ilẹ̀ Mẹ́síkò jẹ́ orírun rẹ̀. Omi díẹ̀ ló ń fi gbé ayé, torí òru ló máa ń ṣí ihò ara rẹ̀ tó fi ń mí, kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n tún lọ gé igi nínú igbó nítorí tábìlì mi.

Bọ́ọ̀dù náà fúyẹ́, ó sì rẹwà. Ẹ máa rí àwọ̀n fọ́nrán náà kedere lábẹ́ ìdán orí rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó wá ra aṣọ a máa fọwọ́ pa á.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọn tó gbé e wá rí i pé òpó inú ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kó jókòó dáadáa. Wọ́n fa ayùn yọ, wọ́n gé igun kan kúrò, wọ́n gbá eruku rẹ̀, wọ́n gba owó mọ́tò, wọ́n lọ. Ibi tí wọ́n gé yẹn gan-an ló wú nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ òjò wọlé.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní, “Mọ̀mí, ṣé kì í ṣe pé ẹ da omi gbígbóná sí i?” Mo ní omi òjò ni. Ó ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ó ní kò hàn dáadáa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo tún yà á. Ó wá ní ọ̀gá ti lọ sí Èkó. Nígbà tí ọ̀gá náà pè mí lọ́jọ́ kejì, kò kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Màdáámù, gáráńtì wa kò kan omi.” Mo ní, “Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé kò bẹ̀rù omi.” Ó ní ìpolówó nìyẹn. Ẹ gbọ́ o, ìpolówó! Mo mú ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí i létí, ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lọ́fun lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí wọ́n wá rán sí mi, Ọlọ́run ló máa bá mi san án lẹ́san. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi tó wú, ó fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Àwọn wa ló gé e tí wọn ò kun ojú ibi tí wọ́n gé.” Ó mú àwọ̀n fọ́nrán gbígbẹ kan jáde nínú báàgì rẹ̀ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní tí ẹran ara ọrọ́ bá ti jẹrà nínú omi, àwọ̀n yìí ló ń ṣẹ́ kù. Ẹnikẹ́ni kò hun ún, bó ṣe wà lára ọrọ́ nìyẹn. Wọ́n á wá fi sódà fọ̀ ọ́.

Mo ní, “Sódà wo?” Ó ní kọ́sítíìkì. Èyí tí àwa náà ń dà sínú aró! Tiwa ń ran aró lọ́wọ́ láti yọ́, tiwọn ń bó ọ̀rá àti oje kúrò lára fọ́nrán kí résìn, ohun olómi bíi gọ́ọ̀mù tó ń gan lé fọ́nrán lórí, lè rí ibi dì mú. Ó ní ohun tó wà nínú òwú náà ló pọ̀ jù nínú fọ́nrán yìí, sẹ́lúlóòsì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi pátápátá. Kò sí aláró tí kò mọ̀ pé nítorí pé òwú ń mu omi ló ṣe ń mu aró. Ẹ ri pọlíẹ́sítà bọ ìkòkò kan náà, bó ṣe wọlé ló máa jáde. Fọ́nrán ọrọ́ ń mu omi nígbà náà, résìn ló ń bò ó láṣìírí. Ibi tí ayùn bá ti la résìn, ẹnu fọ́nrán ti là nìyẹn, omi á máa gbabẹ̀ wọlé. Kí ló wá le nínú kí wọ́n sọ fún èèyàn pé, “Ẹ má gé e láìkun etí rẹ̀”?

Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó ní ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti rí résìn náà, pé tí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀ kò ní jẹrà tán. Ìwé wọn sì ní látinú ewéko ni gbogbo rẹ̀! Irọ́ kejì nìyẹn. Ó ní awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ọrọ́ ṣe, tí Adrián López Velarde àti Marte Cázarez gbé jáde ní Mẹ́síkò ní 2019 pàápàá ní ike nínú. Ó ní bọ́ọ̀dù fáíbà onígíláàsì, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì ṣe, lágbára ju ti ọrọ́ lọ, kí n má gbé ẹ̀rọ tó wúwo lé e. Ṣùgbọ́n gíláàsì wúwo jù ú lọ dáadáa, eruku rẹ̀ sì ń yún ni lára. Fún iṣẹ́ tèmi, ti ọrọ́ ni mo fẹ́.

Ó ré ibi tó wú kúrò, ó jẹ́ kó gbẹ, ó po résìn, ó kùn ún lákùntúnkùn títí kan abẹ́. Òjò ti rọ̀ sí i lẹ́yìn náà, kò sì wú mọ́. Àfi bí ọ́fíìsì ṣe tún fi bíìlì owó ọkọ̀ ọmọkùnrin náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nítorí àìdáa tí àwọn fúnra wọn ṣe! Mi ò san án, mi ò sì ní san án. Ọ̀gá yẹn kò tíì tọrọ àforíjì títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ti ní kí wọ́n ṣe òmíràn fún mi, èyí tí a ó máa ká aṣọ lé. Orúkọ ọmọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ wà lára rìsíìtì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa wá gé e, kí n tó san kọ́bọ̀.