Pápá Bọ́ọ̀lù Mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Owó Yín Wọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí wa láti Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n sì fẹ́ lò. Nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ni ti bọ́ọ̀lù. Kí ọkọ̀ òfuurufú wọn tó balẹ̀ ni wọ́n ti fi orúkọ pápá mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: Wembley, Stamford Bridge ti Chelsea, Emirates ti Arsenal, àti pápá Tottenham. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fẹ́ wọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mú méjì." Wọn ò kọ́kọ́ gbà. Ohun tí mo bá wọn sọ kí wọ́n tó gbà ni mo kọ síhìn-ín fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lọ́ńdọ̀nù tóbi ju bí máàpù ọkọ̀ ojú irin ṣe fi í hàn lọ. Wembley wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, Stamford Bridge wà ní ìwọ̀-oòrùn lápá gúúsù, Emirates wà ní àríwá, ti Tottenham sì tún kọjá Emirates lọ sókè. Láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn, ẹ ka nǹkan bíi wákàtí kan sí i: ìrìn ẹsẹ̀, àtẹ̀gùn, dídúró de ọkọ̀. Tí ẹ bá wọlé tán, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ló máa gbà yín kí ẹ tó rí yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ìbẹ̀wò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í pẹ́ lọ́sàn-án kí wọ́n tó gba àwùjọ tó kẹ́yìn wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ sáré wọ mẹ́rin, fọ́tò ẹnu géètì ló máa gbé lọ sílé.

Ní ti owó, wọn ò jìnnà síra. Tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà kan máa ń wà ní àyíká ọgbọ̀n pọ́ùn, ọ̀kan lè dín díẹ̀, òmíràn lè lé díẹ̀, ti ọmọdé sì kéré sí i. Orí ìkànnì pápá náà gan-an ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì rà á ṣáájú, nítorí iye èèyàn tí wọ́n ń gbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n. Owó kọ́ ló máa bá yín yàn, nígbà náà. Ẹ wo ẹni tó máa sọ ìtàn fún yín, ohun tí ojú yín fẹ́ rí, àti ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ mú dání.

Èèyàn tó ń sọ̀tàn, ẹ̀rọ tó ń sọ̀tàn

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyí, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn èèyàn kì í béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ní Emirates àti ní Tottenham, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n máa fi lé yín lọ́wọ́ nínú ìbẹ̀wò tó wọ́pọ̀. Ẹ ó fi gbohùngbohùn rẹ̀ sétí, ẹ ó sì máa rìn fúnra yín. Ní Stamford Bridge àti ní Wembley, amọ̀nà ló ń kó yín káàkiri ní àwùjọ. Ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè bá a jiyàn, ó sì lè bi yín pé ẹgbẹ́ wo lẹ wà kó tó mọ irú ìtàn tó máa sọ.

Mo fẹ́ràn èèyàn ju ẹ̀rọ lọ. Ní Stamford Bridge, amọ̀nà tó mú wa ti ń wo Chelsea láti kékeré, bó ṣe ń tọ́ka sí ìjókòó tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí, gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀rọ ò lè ṣe ìyẹn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìyá tàbí bàbá tí Gẹ̀ẹ́sì ará Lọ́ńdọ̀nù ń yára kọjá létí wọn. Amọ̀nà kò ní dúró dè wọ́n, torí àwùjọ mìíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ṣeé dá dúró, kí ẹ fi Yorùbá túmọ̀ ohun tó sọ fún wọn, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré náà, ẹ̀rọ ló máa rọrùn fún un, nítorí ọmọ lè fẹ́ jókòó sí ìjókòó akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ogún ìṣẹ́jú.

Stamford Bridge àti Emirates: èyí tó gbé ìtàn ró, èyí tó ṣí lọ

Ilẹ̀ Stamford Bridge ti wà láti 1877, eré sísá ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ra ilẹ̀ náà, Gus Mears, fẹ́ kí Fulham wá máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, Fulham kọ̀, ló bá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1905. Bí Chelsea ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ó kéré sí àwọn mẹ́ta yòókù, ó gba bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn péré. Òrùlé rẹ̀ súnmọ́ orí, ìjókòó súnmọ́ koríko. Ère Peter Osgood, agbábọ́ọ̀lù Chelsea àtijọ́, wà níta, eérú òkú rẹ̀ sì wà lábẹ́ ojú pẹ́nárítì lápá Shed End. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹ ó rí ìtàn ife Champions League ti 2012 àti ti 2021. Mikel Obi gbá bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àṣekágbá 2012 yẹn ní Munich, èyí tí wọ́n fi pẹ́nárítì gbà lọ́wọ́ Bayern.

Emirates ò ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣí i, ó sì gba 60,704. Ó mọ́, ó fẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yí i ká, ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra sì dára ju ti Stamford Bridge lọ fíìfíì. Ẹni tó bá wọ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà máa rí i pé Stamford Bridge dà bí agbo ilé tí wọ́n ń kún yàrá mọ́ láti ìran dé ìran, Emirates sì dà bí ilé tí ọmọ kọ́ nígbà tó rówó. Ife wúrà tí Arsenal gbà fún sáà 2003 sí 2004, tí ẹnikẹ́ni ò borí wọn ní líìgì, ni gbogbo èèyàn ń wá wò. Àwọn ère tó wà níta kò ní kí ẹ san kọ́bọ̀: Herbert Chapman, Tony Adams, Thierry Henry, Dennis Bergkamp, àti Arsène Wenger tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 2023.

Ohun tí ìbẹ̀wò Emirates kò fún yín, ẹsẹ̀ yín lè fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rìn díẹ̀ lọ sí Highbury, níbi tí Arsenal wà láti 1913 títí di 2006. Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé gbígbé, ṣùgbọ́n wọn ò wó ògiri àtijọ́ tó kọjú sí títì Avenell Road, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì ti di ọgbà òdòdó láàrin ilé. Ilé onílé ni báyìí, ẹ má wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Nísàlẹ̀, ní ibùdókọ̀ tó ń jẹ́ Arsenal, ẹ wo ara ògiri níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró: orúkọ àtijọ́, Gillespie Road, ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1932 ni wọ́n ti yí i padà. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ló dùn jù nínú gbogbo ìrìn Arsenal, ẹni tí ò sì bá lè sanwó wọlé lè ṣe é kó sì gbádùn rẹ̀ dọ́ba.

Ìdí pàtàkì tí mo fi ń so pápá méjèèjì yìí pọ̀ ni Kanu. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1999, Chelsea ti fi góólù méjì sí òdo ṣíwájú Arsenal ní Stamford Bridge, òjò sì ń rọ̀. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn, Nwankwo Kanu, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, gbá mẹ́ta sáwọ̀n. Èyí tó ṣìkẹta, ó yí aṣọ́lé po lẹ́bàá ìlà ìparí pápá, ó sì ti ibi tó há gádígádí gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Àwa tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n nílé, a ò tíì gbàgbé. Tí ẹ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko Stamford Bridge, ẹ wo igun yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé kò sí ààyè níbẹ̀ rárá. Amọ̀nà lè máà fẹ́ mẹ́nu bà á. Ẹ béèrè.

Tottenham àti Wembley: ilé tí wọ́n kọ́, orúkọ tó ti là

Tí ohun tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ ilé kíkọ́ fúnra rẹ̀, mi ò rí èyí tó tó ti Tottenham nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n ṣí i, ó gba 62,850. Apá gúúsù rẹ̀ nìkan gba 17,500, ìpele kan ṣoṣo ni, ó ga sókè bí òkè. Koríko bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń pín sí mẹ́ta, ó ń wọ abẹ́ ìjókòó apá gúúsù yẹn lọ, kí èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà nísàlẹ̀ lè hàn. Ẹ ò ní rí i bó ṣe ń yọ́ lọ lọ́jọ́ ìbẹ̀wò lásán, ẹ má retí ìyẹn. Ẹ ó kàn rí yàrá tí wọ́n kọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ará Amẹ́ríkà, tó fẹ̀ ju ti bọ́ọ̀lù wa lọ dáadáa. Ibẹ̀ náà ni gíláàsì wà lára ọ̀nà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń gbà jáde, kí àwọn olówó lè máa wò wọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tún wà tí ẹ fi lè gun òrùlé, tí wọ́n á so okùn mọ́ yín lára, ẹ ó dé ibi tó ga ní mítà 46.8. Ẹni tí òòyì ń kọ́ tó bá wà lókè, kó má náwó sí i.

Wembley ńkọ́? Òun ló ní orúkọ tó tóbi jù, òun ló sì gba èèyàn jù, 90,000. Èyí tí wọ́n ṣí ní 1923, tí wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 1966, wọ́n ti wó o. Èyí tó wà báyìí, 2007 ni wọ́n ṣí i. Irin funfun tó tẹ̀ bí òṣùmàrè lórí rẹ̀ ga ní mítà 133. Níta, ère Bobby Moore, balógun England ní 1966, dúró, ó ń wo gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti ibùdókọ̀. Àtẹ̀gùn 107 ni àwọn tó gba ife máa ń gùn lọ síbi àwọn ọlọ́lá. Ẹ máa gùn ún, àyà yín á sì wú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ẹgbẹ́ kankan. Ẹ ò ní rí ìbínú àti ìfẹ́ tí ẹ ó rí ní àwọn mẹ́ta yòókù. Mo ka ìyẹn sí àléébù ńlá.

Ohun tó máa mú ọmọ Nàìjíríà lọ sí Wembley ni ìrántí. Oṣù kẹfà 2018, England borí wa níbẹ̀ ní 2 sí 1, Iwobi ló gbá tiwa wọlé, aṣọ aláwọ̀ ewé sì gba ojú pópó. Ibẹ̀ náà ni Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù, ti lu Wladimir Klitschko bolẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2017, níwájú nǹkan bí 90,000 èèyàn. Ní Tottenham ni Oleksandr Usyk ti gba àwọn bẹ́líìtì Joshua lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2021. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá wù yín ju bọ́ọ̀lù lọ, ẹ lè fi ọjọ́ kan rìn láti ibi ìṣẹ́gun rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ọjọ́

Tí ẹ bá mú àgbà tí orúnkún ń dùn dání, ibùdókọ̀ Arsenal kò dára fún wọn, kò sí ẹ̀rọ agbénigòkè níbẹ̀. Ẹ sọ̀ ní Finsbury Park kí ẹ rìn. Wembley Park, Fulham Broadway tó wà fún Stamford Bridge, àti White Hart Lane tó wà fún Tottenham, gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ.

Ẹ wo ọjọ́ ìdíje kí ẹ tó yan ọjọ́. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ìbẹ̀wò sábà máa ń dúró tàbí kí wọ́n gé e kúrú. Ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje náà léwu. Mo mú ọmọ àbúrò mi lọ sí ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé kan, ìdíje wà lọ́la rẹ̀, wọ́n sì ti ti yàrá àwọn agbábọ́ọ̀lù pa. Odindi owó ni mo san. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Ní ti síso wọn pọ̀: Emirates àti Tottenham ló súnmọ́ra jù. Láti Finsbury Park ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Victoria dé Seven Sisters, ẹ wá yí sí ọkọ̀ tó ń lọ sí White Hart Lane. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lẹ ó máa gbọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wembley àti Tottenham, àyàfi ẹni tí ọ̀rọ̀ Joshua jẹ lógún. Tí owó bá tó ọ̀kan péré, ẹ lọ sí Stamford Bridge tí ẹ bá fẹ́ ìtàn, ẹ lọ sí Tottenham tí ẹ bá fẹ́ kí ẹnu yà yín. Tí méjì bá ṣeé ṣe, Stamford Bridge láàárọ̀, Emirates lọ́sàn-án. Láti Fulham Broadway ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin District dé Earl's Court, níbẹ̀ ọkọ̀ Piccadilly ló máa gbé yín tààrà dé Arsenal.

Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyẹn. Ọmọ Chelsea ni wọ́n, láti ìgbà tí Babayaro ti Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n sì ti gba ọ̀rọ̀ Kanu sínú láàárọ̀ yẹn. Nínú yàrá Arsenal, aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wà níkọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn wọn kọ síta. Wọ́n dúró níwájú nọ́ńbà 7, aṣọ Saka, wọ́n yọ gbohùngbohùn kúrò létí, wọ́n sì rọra pe orúkọ ọmọ náà bí ìyá rẹ̀ á ṣe máa pè é nílé: Bùkáyọ̀. Òyìnbó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yíjú padà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un pè fún òun.