Téèpù Oníhò àbí Téèpù Aláìníhò: Èwo Ni Kí Ẹ Rà fún Fíìmù 16mm?

Téèpù tí a fi ń so fíìmù tó já pọ̀ ni mò ń fi wéra níbí; ihò tí mò ń sọ ni ihò etí fíìmù tí eyín ẹ̀rọ ń mú. Gúlúù olómi kò sí nínú ìfiwéra yìí. Nínú irú ike méjì tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù, acetate nìkan ló ń mú, kò ràn polyester rárá, téèpù sì ń mú méjèèjì. Ẹni tí kò bá mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ òun, kó gbé ríìlì náà ní ẹ̀gbẹ́ síwájú iná: ìmọ́lẹ̀ á là á kọjá bó bá jẹ́ polyester, acetate á ṣókùnkùn.

Téèpù oníhò ni wọ́n ti lu ihò sí tẹ́lẹ̀, bíi Presstape ti Kodak. Aláìníhò jẹ́ ìdì gbọọrọ, ẹ̀rọ ló ń lu ihò sí i. Èyí tó lókìkí jù nínú ẹ̀rọ náà ni CIR, iṣẹ́ ọpọlọ Leo Catozzo, ará Ítálì tó bá Fellini, olùdarí fíìmù, to fíìmù.

Ní ti owó, oníhò rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. CIR wọ́n, àlòkù pàápàá wọ́n.

Gúlúù ara téèpù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mo ra ríìlì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé kò sí àbùkù lára rẹ̀. Mo tú u, sẹ́lótéèpù ọ́fíìsì ni wọ́n fi so gbogbo ibi tó ti já! Ooru ti mú gúlúù rẹ̀ yọ́ jáde létí, ó lẹ̀ mọ́ ìká fíìmù tó tẹ̀ lé e bíi súìtì tó yọ́ mọ́ bébà. Bí mo ṣe ń ṣí i ni àwòrán ń ṣí kúrò lára fíìmù, tó ń bá téèpù lọ. Òwú àti ọtí isopropyl lè nu gúlúù kúrò, àmọ́ àwòrán tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, irú èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ lẹ díẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé tí oòrùn ń pa. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi ìka ra etí rẹ̀. Bí ìka bá lẹ̀, ẹ má rà á.

Ọ̀pọ̀ oníhò tó wà lọ́jà ti pẹ́ nínú àpò, gúlúù wọn ti gbẹ. Ọwọ́ lẹ fi ń to ihò rẹ̀ mọ́ ihò fíìmù, bó bá sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù hàn á ta á. CIR ń lu ihò tirẹ̀ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Tòótọ́ ni pé irin rẹ̀ máa ń kú, tí awẹ́ téèpù kékeré á wá máa so rọ̀ nínú ihò, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti sùúrù tó o.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ojú méjèèjì fíìmù ni kí ẹ lẹ̀. Ojú kan ṣoṣo á máa ṣẹ́ bí ìlẹ̀kùn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ní ríìlì kan péré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, oníhò tó o. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun á tún ra òmíràn (ta ni kì í tún rà?), kó fara balẹ̀ wá CIR, kó sì rí i pé ti 16mm ni, torí ti 35mm àti ti Super 8, ìwọ̀n fíìmù mìíràn, wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.